Oyèníran àti Inṣọ́ránsì Olówó Pọ́ọ́kú

Ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ Oyèníran kò gùn. Ìlú Mánṣẹ́sítà, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Oyèníran, kì í ṣe ọ̀lẹ rárá, ṣùgbọ́n ìwàǹwára ń bá a jà. Bó bá gbé omi kaná, á ti ṣí ìdérí rẹ̀ wò títí kó tó hó.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ni, iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Bọ́ọ̀sì kì í sì í dé àwọn abúlé tí wọ́n ń rán an lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ fún un pé bí oṣù bá parí tí kò tíì máa wakọ̀, òun yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Oyèníran sáré ra mọ́tò àlòkù kan. Mọ́tò délẹ̀, kò ṣe é wà, nítorí òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé mọ́tò sójú títì láìní inṣọ́ránsì, ìyẹn ìwé adójútòfò tí ń sanwó bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

Ló bá ń pe ilé-iṣẹ́ adójútòfò káàkiri. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi í: ọdún mélòó lo ti ń wakọ̀? Á ní ọdún mẹ́rìnlá. Wọ́n á ní, níbí ńkọ́? Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, lójú tiwọn, ẹni tó kọ́ mọ́tò lánàá ni. Iye tí wọ́n ń pè fún un ju iye tó ra mọ́tò lọ. Ọkùnrin tó ti wa ọkọ̀ akérò láti Ìlọrin dé Jẹ́bbà láìfi imú ọkọ̀ kan ewúrẹ́ rí, ẹ ò rí nǹkan. Kò lè jókòó, kò lè sùn. Á tẹ fóònù, á jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì, á tún mú un.

Àbúrò ìyá rẹ̀ kan wà nílùú náà, Àǹtí Ṣíjúadé, tó ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́. Nọ́ọ̀sì ni, mọ́tò rẹ̀ ló fi ń lọ sílé àwọn aláìsàn, kò sì sí àléébù kankan lórúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn adójútòfò. Oríkì ló fi máa ń pe Oyèníran.

"Àdìgún," ló wí, "ta mọ́tò yẹn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi jù. Ra kékeré. Lọ ṣe ìdánwò ìwakọ̀ tibí, kí o gba láísẹ́ǹsì wọn, wàá rí i pé iye yẹn á wálẹ̀. Èmi á bá ọ bẹ ọ̀gá rẹ, màá sì máa gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí mi ò bá ṣiṣẹ́."

Ìdánwò kẹ̀? Kí wọ́n wá máa kọ́ ọ̀gá awakọ̀ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀? Oyèníran ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ohun tó fẹ́ ni kí Àǹtí gba inṣọ́ránsì náà lórúkọ ara rẹ̀, kó sọ pé òun ló ni mọ́tò, pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kàn ń bá òun wà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àǹtí ní irọ́ nìyẹn.

"Irọ́ báwo, Àǹtí mi?" Ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ṣé ohun tí mo ní kọ́ lẹ ní ni? Nílé, ta ló ń béèrè ẹni tó ni mọ́tò ẹbí?"

Kò dúró níbẹ̀, ó pe ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kó bá òun bẹ̀bẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n ẹni bá ń bẹ èèyàn nítorí ọmọ rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ sọ, kí lèèyàn fẹ́ wí? Àǹtí gbà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Inṣọ́ránsì jáde lọ́jọ́ náà gan-an, owó pọ́ọ́kú, Oyèníran sì ń súfèé lọ síbi iṣẹ́.

Ìgbà òtútù dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi dì sójú títì, mọ́tò Oyèníran yọ̀, ó lọ kọlu mọ́tò tuntun kan tí wọ́n páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé inṣọ́ránsì wà. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò pe Àǹtí. Ìbéèrè wọn kò le: ilé ta ni mọ́tò yìí ń sùn? Ta ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́? Oyèníran ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò wí, àmọ́ obìnrin náà kò mọ irọ́ pa. Ó sọ òótọ́.

Wọ́n tún mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni ṣe, wọ́n sì ní kí Oyèníran dá gbogbo owó náà padà. Wọ́n fagi lé inṣọ́ránsì mọ́tò Oyèníran, wọ́n fagi lé ti mọ́tò Àǹtí fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ní ẹlẹ́tàn ni. Gbogbo ibi tí Àǹtí lọ lẹ́yìn náà, apá rẹ̀ kò ká iye tí wọ́n ń pè. Àǹtí gbé mọ́tò rẹ̀ tà. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Oyèníran, ó wá ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì kiri.

Òjò ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tó wà nínú bọ́ọ̀sì. Ó wo ìta, ó rí Àǹtí Ṣíjúadé ní ibùdókọ̀, báàgì iṣẹ́ lọ́wọ́, aṣọ rẹ̀ ti rin gbingbin. Àǹtí wọlé, ó jókòó tì í. Oyèníran fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àyè kò sí. Àǹtí wò ó títí.

"Àdìgún, ṣé o ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

Ìbá sàn kó bú u. Omi lé ròrò sí Oyèníran lójú, kò sì lè gbé orí sókè títí Àǹtí fi sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé, ẹ dì í mú: bí ọ̀nà bá gùn nílùú onílùú, ẹ rìn ín bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi irọ́ gé e kúrú, ẹni tó ṣe é lóore ló máa ń bá a jìyà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.