Ohùn Tó Kún Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

1.

Ní ọdún 1989, ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan wà lẹ́yìn oríta Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí ojú wọn ò ríran ní iṣẹ́ taipíìsì. Ọ̀gá ibẹ̀ ń jẹ́ Ìbùkúnọlá Oyèdèjì. Ọkùnrin náà mọ̀wé, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Òun nìkan ló ní kọ̀ǹpútà ní gbogbo àdúgbò yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ géèmù kan sínú rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà á fi ohùn Oyèdèjì pe lẹ́tà kan, akẹ́kọ̀ọ́ á wá a tẹ̀. Bó bá gbà á, á gbọ́ àtẹ́wọ́. Bó bá ṣì í, ewúrẹ́ á ké. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọn kì í fẹ́ lọ sílé.

Safurat ló mọ̀ ọ́n jù. Ọmọ ogún ọdún ni. Àìsàn ló gba ojú rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Láàárín oṣù mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ ti ń sáré lórí bọ́tìnnì bí ẹni tó ń ríran.

2.

Ṣùgbọ́n géèmù náà ní àrùn kan. Bó bá ti tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, kọ̀ǹpútà á sì dákú pátápátá. Oyèdèjì á pa á, á tún un tàn. "Ooru ni," á wí bẹ́ẹ̀.

Ràódàt, olùkọ́ kejì, kò gba ti ooru gbọ́. Lọ́jọ́ kan, ó pa gbogbo ohùn inú géèmù náà, ó ń wo lẹ́tà lójú kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ̀ ẹ́. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kò dákú. Lọ́jọ́ kejì, ó tan ohùn padà. Ohùn kò tíì dún tó ìgbà igba tí ó fi dákú. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ibì kan náà ló ń kú sí. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ti rí ohun tó ń ṣe géèmù yín. Ohùn ni. Mo ka ìwé tó bá kọ̀ǹpútà wá. Gbogbo ìgbà tí ohùn kan bá fẹ́ dún, ó ń gba àyè tuntun nínú mẹ́mórì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò sí. Bó bá dún tán, kì í dá àyè náà padà. Bí àyè bá tán, ó di kó dákú."

Oyèdèjì rẹ́rìn-ín. "Ràódàt, taipíìsì ni ọ́. Èmi tí mo kọ ọ́, ṣé mi ò mọ ohun tí mo kọ ni?"

"Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó, sà. Ọ̀sán kan péré ni."

"Ó tó!"

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ dúró níbí yìí ná. Ọ̀sán kan péré ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀.

3.

Ní oṣù kọkànlá, ẹgbẹ́ aláàánú kan fẹ́ fi kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ta ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́rẹ. Wọ́n pe ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta sí gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀yọ́ pé kí kálukú wá fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Oyèdèjì, Ràódàt àti Safurat gbé kọ̀ǹpútà wọn wọ bọ́ọ̀sì. Aṣọ Iléyá rẹ̀ ni Safurat wọ̀.

"Bí a bá gba mẹ́wàá yẹn," ó ní, "a ò ní tò mọ́ o. Kálukú á ní tiẹ̀."

Nígbà tó kàn wọ́n, Safurat jókòó, ó ń tẹ̀ ẹ́. Àtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́. Àwọn àlejò dìde dúró. Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú sún mọ́, Ràódàt rọra sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, "Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn báyìí, sà."

Obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn àlejò gbọ́. "Ṣé nǹkan kan ń ṣe é ni?"

Ká ní Oyèdèjì sọ òótọ́ ni, ìbá yé wọn. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. "Kò sí nǹkan kan, mà. Ó lè ṣiṣẹ́ títí di ọ̀la."

Kò pẹ́ rárá. Safurat ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo. Ewúrẹ́ ké, igbe náà kò sì dá mọ́. Ó tẹ èyí, ó tẹ ìyẹn, igbe ewúrẹ́ nìkan ló ń gbọ́. Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín.

"Kí ni mo ṣe, sà? Ṣé gbogbo rẹ̀ ni mo ń ṣì tẹ̀ ni?"

Gbogbo ojú yí sí Oyèdèjì. Ó ní, "Ọmọbìnrin yìí ló tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀."

Safurat gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì bí ẹni tí iná jó.

"Kì í ṣe òun, sà!" Ràódàt ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ó yọ ìwé rẹ̀, ó kà á sí gbogbo wọn létí.

Olórí àlejò gbọ́ ọ tán, ó kọjú sí Oyèdèjì. "Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà tó dákú kò bà wá lẹ́rù, ẹ máa tún un ṣe. Ẹ̀bi tí ẹ dì ru akẹ́kọ̀ọ́ yín ni ò jẹ́ ká lè fún yín."

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀yọ́ níbẹ̀ ló kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ.

4.

Lọ́jọ́ kejì, Oyèdèjì jókòó ti ìwé Ràódàt. Ó ṣe é kí gbogbo ohùn wọ mẹ́mórì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà sì máa tún wọn lò. Ìlà méje péré nínú ohun tó kọ ló yí padà. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásàrí, ó ti parí. Géèmù náà dún fún odidi ọjọ́ kan, kò dákú.

Ó wá lọ sílé àwọn Safurat, nítorí Safurat kò wá sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Hajarat, ìyá rẹ̀, gbé àga fún un, kò bá a jà. Safurat jáde wá.

"Safurat, jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ti tún un ṣe. Padà wá."

"Mo ti dárí jì yín, sà," ni Safurat wí. "Ṣùgbọ́n mi ò lè rí ojú yín. Ohùn yín nìkan ni mo fi mọ̀ yín, mo sì gbọ́ ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn. Àǹtí Ràódàt ti gbaṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, nílé ẹ̀kọ́ tó gba kọ̀ǹpútà mẹ́wàá yẹn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń lọ."

Ó lọ lóòótọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà tẹ̀ lé e. Kí ọdún tó yí po, Oyèdèjì ti ti ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pa, Safurat sì ti di taipíìsì ní ọ́fíìsì kan.

Ìkìlọ̀ rèé o! Bí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ bá sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ní àbùkù, má bi í pé kí ló mọ̀; wò ó ná. Bí àbùkù náà bá sì tú síta, má fi ẹlòmíràn bo ìtìjú ara rẹ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.