Ọkọ̀ Ẹlẹ́ńjìnnì Méjì ní Èbúté Ìdó

Atukọ̀ náà ṣì ń nu òógùn nígbà tí wọ́n tún gbé ọkọ̀ kúrò létí èbúté. Òun ló kọ́kọ́ dán an wò. Ó ń yí sitiárìn kíkankíkan, bó ṣe máa ń yí ti ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan. Ìyàwó rẹ̀, Shakirat, ní, "Ẹ fi sitiárìn sílẹ̀, jíà méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi darí ẹ̀." Atukọ̀ ní kó panu mọ́. Ọkọ̀ bá fìdí gbá pákó èbúté.

Ó wá kan Ọláyíwọlá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí òun àti atukọ̀ náà jọ ń du iṣẹ́. Ẹni tó bá gbé e wọlé láìkan nǹkan kan ni Alhaja tó ni ọkọ̀ máa gbà síṣẹ́.

Láti orí èbúté, orí méjì nìkan ni atukọ̀ ń rí lókè ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀: ti Ọláyíwọlá àti ti Shakirat. Shakirat ń rẹ́rìn-ín.

"Kí ló ń wá níbẹ̀?" ni atukọ̀ bi Alhaja tó dúró tì í.

"Ó lóun fẹ́ gbafẹ́fẹ́ ni," ni Alhaja wí. "Àbí ò ń jowú?"

"Èmi kẹ̀, Alhaja? Ọmọ àná yẹn?"

Ṣùgbọ́n ó ń gbàdúrà nínú kí ọkọ̀ náà forí sọ pákó. Ẹ́ńjìnnì òsì rọra ń tì í síwájú, ti ọ̀tún ń fà á sẹ́yìn, ọkọ̀ yí lójú kan, ó sì fẹ̀yìn wọlé bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àga.

"Ọláyíwọlá, ọwọ́ ẹ mọṣẹ́," ni Alhaja wí.

Ọláyíwọlá na ọwọ́ méjèèjì sókè. Okùn wà nínú ọ̀kan, àgbàdo tó ti jẹ dé ìdajì wà nínú èkejì.

Ní ẹ̀yìn Ọláyíwọlá, Shakirat ò tíì gbọ́wọ́ kúrò lórí jíà méjèèjì.

"Bàbá Wàsíù," ló wí fún ọkọ rẹ̀, "ẹ bá mi so okùn."