Ọkọ̀ Tó Ń Kúnlẹ̀

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, Ọlágòkè lẹ páálí "Títà ni" mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ ilé rẹ̀ lọ sọ́jà.

Ọkọ̀ Faransé ni, ọkọ̀ ọ̀gá, dúdú, ó gùn gbọọrọ bí ẹja àrọ̀. Ní gbogbo Mowé, kò ní ìkejì. Bí wọ́n bá ti pa iná rẹ̀, á rọra máa wálẹ̀ títí ikùn rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Bí wọ́n bá tún ṣíná sí i, á kọ́kọ́ gbé ìdí sókè bíi ràkúnmí, kó tó wá gbé orí.

"Ó tún ti forí kanlẹ̀," ni Zubair, aládùúgbò rẹ̀, wí láti ẹ̀yìn ògiri. "Láti àná! Ìrun wo ló ń kí tí kì í sálámà?"

"Fi í sílẹ̀. Mò ń tà á."

Ẹ̀rín Zubair dúró. "Nítorí Alhaja?"

Ọlágòkè tún tẹ páálí náà mọ́ gíláàsì dáadáa. Ó pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ tó ń ṣe ló gbé e pàdé Alhaja Kaosarah, opó kan tó ń ta ọ̀dà ní Ifọ̀, lórí ilẹ̀ tí obìnrin náà rà ní Ìbógun. Kíkí di ìbẹ̀wò, ìbẹ̀wò di ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Lóṣù tó kọjá, Ọlágòkè ní kí àwọn fẹ́ra. Alhaja rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó." Àtìgbà náà ló ti ń rò ó.

"Ìwọ náà wò ó," ni Zubair wí. "Obìnrin wo ló máa wọ ilé tí irú èyí dùbúlẹ̀ síwájú ẹ̀? Á ní ẹni tí ò mọ ọkọ̀ yàn, báwo ló ṣe máa mọ ìyàwó tọ́jú?"

"Ìdí tí mo fi ń tà á nìyẹn."

Nírọ̀lẹ́, ó pe Alhaja, ó sọ fún un pé òun ń ta ọkọ̀ náà. Alhaja ní, "Háà. Ó dáa o."

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan dé. Á tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ káàsán sà. Wọ́n ní ẹ fẹ́ ta ọkọ̀. Mo fẹ́ gbọ́ dáadáa ẹ̀, kí n sì gbọ́ aburú ẹ̀."

Zubair ti kìlọ̀ fún Ọlágòkè pé kó pa aburú mọ́ ikùn. Ó ṣílẹ̀kùn fún ọmọbìnrin náà.

"Jókòó. Bó o bá wà á gba inú kòtò, ńṣe ló máa dà bí ìgbà tí wọ́n pọ̀n ọ́ sẹ́yìn."

"Aburú ẹ̀ ńkọ́?"

Ọlágòkè mí kanlẹ̀. "Ó ń gbéra ga. Òróró aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló ń mu kó tó lè dìde, Èkó la sì ti ń rà á. Mẹkáníìkì tó bá ṣí iwájú ẹ̀ wò á kọ́kọ́ dákẹ́, á ní òun ń bọ̀, ó tán, kò ní padà wá mọ́."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò tíì jù ú nù?"

"Ọmọ mi, ìgbà tí mo gbé e, mo mọ̀ pé kò jọ àwọn yòókù. Ohun tó wù mí lára ẹ̀ nìyẹn. Ṣé mo tún máa wá bínú pé kò jọ àwọn yòókù?"

"Ṣé obìnrin ti wà á rí?"

"Ìyàwó mi tó ti lọ ló ń wà á jù. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí."

"Ẹ̀rù ò bà yín pé á bà á jẹ́?"

"Ohun tó jẹ́ tiwa méjèèjì? Gba kọ́kọ́rọ́, jẹ́ ká dé Ìbàfọ̀."

Ọmọbìnrin náà wà á dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wọ Ìbàfọ̀, iná ìkìlọ̀ pupa kan tàn níwájú rẹ̀ nínú ọkọ̀, ọkọ̀ náà mí fùúù, ó sì rọra kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Èrò péjọ.

"Dádì, àdúrà ti gbà!" ni ọlọ́kadà kan kígbe. "Ẹ ní kó dìde!"

Ọlágòkè ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ra àgbàdo sísè fún ọmọbìnrin náà, ó ní kó lọ jókòó sábẹ́ ìbòòji.

"Ìwọ kọ́ lo bà á jẹ́ o. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì gbé ike òróró jáde. Ọmọbìnrin náà ò wo ọkọ̀. Ojú Ọlágòkè ló ń wò, ó sì ń tẹ nǹkan sórí fóònù rẹ̀.

"Ó tó báyìí," ni Ọlágòkè wí, ó fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lórí. "Dìde, jẹ́ ká máa lọ." Nígbà tí ó ṣíná, ọkọ̀ náà gbé ìdí sókè, ó gbé orí, àwọn èrò sì pàtẹ́wọ́.

Zubair ti ń dúró dè wọ́n ní Mowé. Ó rí òróró lára aṣọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó mi orí.

"Dádì," ni ọmọbìnrin náà wí, "mi ò ní lè rà á o."

Ọlágòkè wo páálí tó wà lójú gíláàsì. Ó ti fẹ́ kí ọkọ̀ náà ti kúrò nílẹ̀ kí òun tó tún fojú kan Alhaja ní Ifọ̀.

"Kò burú."

"Ẹ ò tiẹ̀ bínú pé mo fi àkókò yín ṣòfò?"

"Ṣó o gbádùn ẹ̀?"

"Gan-an ni, sà."

"Kò sófò níbẹ̀ nìyẹn."

Ọmọbìnrin náà tẹ fóònù rẹ̀, ó ní, "Màámi, a ti dé o," ó sì nà án sí Ọlágòkè, ohùn Alhaja Kaosarah sì jáde láti inú rẹ̀ ketekete: "Ó dáa, sọ fún mi: nígbà tí ọkọ̀ yẹn kú mọ́ yín lójú títì, ṣé ó bínú?"