Rọ́ọ̀gì Tí Àpá Orúnkún Bàbá Wà Lára Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á délẹ̀, kí ẹ tó tún pálọ̀ òbí yín ṣe.

1.
Ilé ìjọba ní Festac ni Màmá Fáṣínà ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Wọ́n rán Bàbá lọ sí orílẹ̀-èdè Ìránì rí, ibẹ̀ ló ti ra rọ́ọ̀gì pupa kan bọ̀. Orí rẹ̀ ló máa ń kúnlẹ̀ sí láràárọ̀ láti gbàdúrà fún ilé, lójú kan náà, títí ibi méjì fi tẹ̀ wọnú lára rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn gbé àwo kékeré méjì kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí Bàbá kú, tí Màmá náà ò sì ríran dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ ló fi ń mọ pálọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti tẹ àpá orúnkún yẹn, á dúró. "Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá Débọ́lá." Lẹ́yìn náà á yà sọ́tùn-ún, síbi àga rẹ̀.

2.
Débọ́lá ni àkọ́bí wọn, ọ̀dọ̀ Màmá lòun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ọmọ dáadáa ni, ẹ má bínú sí i jù. Màmá lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Ijegun-Egba, ni Débọ́lá bá ní òun fẹ́ tún pálọ̀ ṣe dè é. Ó tẹjú mọ́ rọ́ọ̀gì náà. Òdòdó apá kan tóbi ju ti apá kejì lọ. Pupa rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbì kan, ó ṣókùnkùn níbòmíràn.

"Ayédèrú ni," ló sọ fún Stella ìyàwó rẹ̀. "Wọ́n lu Dádì ní jìbìtì ni jàre."

"Pe Mọ́mì ná, kó o bi wọ́n."

"Kí ni mo fẹ́ bi wọ́n? Ṣé èmi ni mi ò mọ rọ́ọ̀gì?"

Ó ra tuntun tó ń dán, tí òdòdó rẹ̀ dọ́gba régí. Ó gbé ti Bàbá fún Ọ̀jẹ̀túndé, mẹkáníìkì rẹ̀ ní Kuje tó wà nítòsí Festac. "Ẹ máa fi sùn sábẹ́ mọ́tò."

3.
Débọ́lá lọ mú Màmá wálé. Màmá bọ́ bàtà, ó wọlé, ó sì dúró.

"Débọ́lá, ilé ta lo mú mi wá?"

"Ilé yín ni, Mọ́mì! Mo ra rọ́ọ̀gì tuntun fún yín!"

Màmá kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ilẹ̀ kiri bí ẹni tí yẹtí rẹ̀ já bọ́.

"Bàbá rẹ dà?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Débọ́lá. "Mọ́mì, ayédèrú nìyẹn. Kò dọ́gba."

Màmá ṣí etí rọ́ọ̀gì tuntun náà, ó fi ìka tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. "Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn èyí. Òwú etí rẹ̀, ṣe ni wọ́n rán an mọ́ ọn. Ti bàbá rẹ, òdòdó iwájú náà ló wà lẹ́yìn, inú ara rẹ̀ ni òwú etí rẹ̀ sì ti jáde. Ẹnì kan ló jókòó ta kókó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí òwú tó rẹ láró bá tán, á rẹ òmíràn, àwọ̀ wọn ò sì ní bára mu. Ọwọ́ èèyàn kì í dọ́gba, ọmọ mi. Ohun tó o torí ẹ̀ pè é ní ayédèrú gan-an la fi ń mọ ojúlówó."

Kò pariwo. Ìyẹn ló dun Débọ́lá jù.

4.
Nígbà tó sáré dé Kuje, Ọ̀jẹ̀túndé ti gé rọ́ọ̀gì náà sí wẹ́wẹ́ fún àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì dúdú ti mu ún.

"Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká máa sùn lé e?"

Ẹyọ kan péré ni wọn ò tíì lò, wọ́n ká a sórí táyà. Àpá orúnkún kan wà lára rẹ̀. Ìkejì ti lọ nínú ọ́ìlì.

Débọ́lá tẹ́ ẹ síwájú Màmá. "Mọ́mì, ọ̀kan ló kù. Ẹ forí jì mí."

Màmá fọwọ́ wá a títí ó fi rí i. Kò tètè gbé ọwọ́ kúrò. "Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá Débọ́lá," ló wí, bẹ́ẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ni. Ó wá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Fi orúnkún rẹ síbẹ̀. Ìwọ lo máa máa gbàdúrà fún ilé báyìí."

Débọ́lá ń gba àdúrà náà láràárọ̀. Ṣùgbọ́n àpá kan ṣoṣo ò tó Màmá fi mọ ọ̀nà, kò lè dá rin pálọ̀ rẹ̀ kọjá mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, táá na ọwọ́ síwájú, títí ẹnì kan á fi wá mú un débi àga.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ bíi tèmi, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi dídán mọ ojúlówó. Ohunkóhun tó bá ti gbó nílé òbí yín, ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó gbé e jáde. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.