Mọ́tò Tó Kú Lọ́nà Kóòtù

Iwájú ìsọ̀ rìwáyà gan-an ni mọ́tò obìnrin náà kú sí, rìwáyà ọ̀hún sì ni ọkọ tó ń lọ kọ̀ sílẹ̀ ní kóòtù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò sí ẹlòmíràn tó ń tún iná mọ́tò ṣe nítòsí. Ó jókòó sínú mọ́tò fún ìgbà díẹ̀, bóyá ẹ́ńjìnnì á ronú pìwà dà. Nígbà tí kò ronú, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí títì, ó ń so wáyà iná alùpùpù kan.

"Ẹ káàárọ̀," ni ìyàwó wí.

Ọkùnrin náà kò dáhùn. Ìyàwó tún un kí, ó kàn ń lọ́ wáyà tirẹ̀ lọ. Má-dá-wọn-lóhùn ni àdúgbò ń pè é lẹ́yìn, nítorí ó lè gba ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń kí i kọjá bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ òpó iná kọjá. Ìgbà tí òjìji ìyàwó bọ́ sórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló tó gbójú sókè.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mọ́tò ló kú. Ẹ má rò pé ẹ̀yin ni mo wá wò."

Ọkọ tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ẹjọ́ níbẹ̀. "Yéé jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí o ti ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu fún mi."

"Mo ní mọ́tò kú. Epo wà nínú táǹkì, kò kàn gbà á mọ́."

"Màá tún un ṣe. Èmi gan-an ò fẹ́ kí o pẹ́. Kí adájọ́ tú wa ká, kí kálukú sinmi."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ó yọ fíúùsì wò, kò jó. Ó fi rílè mìíràn, èyí tó ń darí iná sí pọ́ǹpù epo, dípò ti inú mọ́tò, kò sí àyípadà. Ó wá ká ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, ó tú wáyà orí pọ́ǹpù epo, ó sì ki tẹ́sítà bọ̀ ọ́. Gílóòbù kékeré orí tẹ́sítà tàn. Iná ń dé ibẹ̀. Ó tọ wáyà áàtì, èyí tó ń dá iná padà, lọ síbi tí wọ́n ti dè é mọ́ irin ara mọ́tò, ó sì bá ìpẹtà níbẹ̀, ó pọ̀ bí èérún búrẹ́dì. Inú rẹ̀ dùn. Ó fi yanrìn-bébà ha á títí irin fi dán, ó dè é padà, ó sì so wáyà pọ́ǹpù.

"Ibí ló ti ń ṣe é. Yí kọ́kọ́rọ́. Iná nìkan o, má ta ẹ́ńjìnnì. Ó ti rẹ bátìrì rẹ, a ò ní fi í ṣòfò kí pọ́ǹpù tó sọ̀rọ̀."

Ìyàwó wọ inú mọ́tò. Ọkọ dorí kodò, ó fi etí lé orí pọ́ǹpù. Ìyàwó yí kọ́kọ́rọ́.

"Tún un yí."

Ìyàwó tún un yí. Ọkọ dìde, ó mi orí. "Pọ́ǹpù ti kú. Mo máa tú u."

Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń wá sípánà nínú àpótí irinṣẹ́. Ibẹ̀ ni inú ti bí ìyàwó.

"Ó kú nítorí pé ẹ fẹ́ kó kú. Bí n kò bá dé kóòtù lónìí, wọ́n á sún ẹjọ́ síwájú, ohun tí ẹ sì ń wá nìyẹn."

Ọkọ ń wá sípánà lọ.

"Wọ́n ní ògiri létí. Ògiri ilé wa sàn jù yín lọ." Ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ dúró níwájú rẹ̀. "Màá sọ fún adájọ́. Lọ́jọ́ tí ìyá mi kú, mo dúró lẹ́yìn yín, mo ń sunkún, mo ní ìyá mi ti lọ. Ẹ ń fọ ọwọ́ yín nídìí ẹ̀rọ omi. Ẹ ò tiẹ̀ wẹ̀yìn."

"Irọ́ ni." Ojú ọkọ pọ́n. "Ìwọ lo fi ikú ìyá rẹ pamọ́ fún mi. Ara ìwé ìkéde ni èmi àna rẹ̀ ti kà á, bí àjèjì. Èmi náà á sọ ìyẹn fún adájọ́."

Wọ́n wo ara wọn tìkà-tìkà. Ìyàwó ló kọ́kọ́ gbójú kúrò. Oòrùn ti ń ga, kóòtù kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

"Kí tiẹ̀ ni ẹ̀ ń fetí sí níbẹ̀ yẹn?" ó bi í.

"Bí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, á kùn díẹ̀, bí kòkòrò oyin inú ìgò, á sì dákẹ́. Etí yìí ni mo fi ń jẹun, kò tíì tàn mí rí." Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ pọ́ǹpù, ó fi etí lé e. "Yí i, kí o má baà ní mò ń parọ́ mọ́ ọ."

Ìyàwó padà sídìí kọ́kọ́rọ́, ó yí i, oyin náà sì kùn ketekete lábẹ́ etí ọkọ rẹ̀, ó dákẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe kùn nígbà méjèèjì ìṣáájú, ọkùnrin náà sì gbé orí sókè, ó tẹjú mọ́ ẹnu ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ṣé o rí i? Kò sọ nǹkan kan."