Ọkùnrin Tó Nàró Lára Ògiri

Lọ́sàn-án gangan, mo ti gbogbo fèrèsé kíláàsì pa, ó ku ihò kékeré kan. Ìmọ́lẹ̀ kì í yà bàrá, tààrà ló ń rìn gba inú ihò náà wọlé: tòkè á bọ́ sísàlẹ̀, tìsàlẹ̀ á bọ́ sókè. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán igi máńgòrò ìta ṣe dorí kodò lára ògiri.

Ìbídùn, akẹ́kọ̀ọ́ mi, ní, "Mà, ta ni ọkùnrin tó nàró yẹn?"

Ọkùnrin kan nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà lóòótọ́, orí tirẹ̀ wà lókè, ó ń wò mí bí ẹni pé mo pa bàbá rẹ̀.

"Fadérera!" Ohùn kan pè mí láti ìta.

"Sà!" Mo ti dáhùn kí n tó rántí pé a kì í dá ẹni tí a kò rí lóhùn lọ́sàn-án gangan.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi lára ògiri. Mo sáré fi àtẹ́lẹwọ́ dí ihò náà, mo wẹ̀yìn.

Igi ti pòórá. Ọkùnrin náà ò kúrò.