Ó Ṣì Ń Fi Ọwọ́ Òsì Yàwòrán

Àǹtí Ayàwòrán ni wọ́n ń pè é ní ilé ìkàwé náà, nítorí láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti dé ibẹ̀, kò sí ètò kan tí kò gbé fóònù sókè sí. Bí ètò bá parí, á kó àwọn fọ́tò náà sí ojú ewé ilé ìkàwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí àwọn òbí lè rí i. Òun náà ní ojú ewé tirẹ̀, àmọ́ òdòdó ojú fèrèsé àti bàtà tuntun ló kún ibẹ̀. Tí wọ́n bá bi í pé ojú rẹ̀ dà, á ní òun ò fẹ́ dẹ́rù ba aráyé.

Wọn kì í gbé ojú ọmọ kankan síta láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí ìwé. Ìyá ọmọdébìnrin kan kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Ó fi ohùn kékeré ṣàlàyé pé bàbá ọmọ náà ń wá àwọn kiri, àwọn ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó rí àwọn.

Àǹtí ò bi í ní ìbéèrè kankan. "Ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní. "Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni màá máa yà."

Ọmọ ọdún méje ni ọmọ náà, ọlọ́wọ́ òsì ni. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, tí àwọn ọmọdé máa ń wá yàwòrán, á jókòó sórí àpótí kan náà, á kọjú sí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí wọ́n ń to ìwé tuntun sí. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló máa ń nu gíláàsì náà títí á fi dán.

Nígbà tó yá, ẹnì kan tí kò fi orúkọ síta fi àmì ọkàn pupa sí mẹ́ta nínú ogún fọ́tò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ náà ló wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹni náà kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ọ̀kan: "Ó ṣì ń fi ọwọ́ òsì yàwòrán."

Àǹtí ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo fọ́tò náà dáadáa: ẹ̀yìn ọmọ, súwẹ́tà aláwọ̀ ìyeyè, pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ òsì. Ta ló lè sọ pé "ó ṣì," bí kì í bá ṣe ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀?

Ọ̀gá rẹ̀, tí kì í gbé ife tíì sílẹ̀ nítorí ohunkóhun, gbé e sílẹ̀ nígbà tó gbọ́. "Yọ gbogbo ẹ̀ kúrò," ó ní. "Kó o sì sọ fún ìyá ẹ̀ lónìí."

Òjò ń ṣú lọ́jọ́ náà, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Àǹtí tó ti ṣẹ́ rí sì ń ro ó, bó ṣe máa ń ṣe. Àtàǹpàkò òsì ló fi pa àwọn fọ́tò náà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ojú ewé má bàa ṣófo, ó fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀, ti kọ́bọ́ọ̀dù àti ìwé tuntun. Ọmọ kankan ò sí nínú rẹ̀. Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí ọkàn pupa fi yọ sábẹ́ rẹ̀. Àǹtí ní bàbá ọmọ náà kàn fẹ́ kí àwọn mọ̀ pé òun ṣì ń wo àwọn ni.

Lọ́jọ́rú, ó sin ìyá àti ọmọ lọ síbi ọkọ̀ tó máa gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ìyá ọmọ bi í pé kí ló dé tó ń ṣe wàhálà tó báyìí lórí àwọn. Ó ní, "Ẹ ṣáà máa lọ."

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, àpótí ọmọ náà ṣófo. Gáàdì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ní kó dá ọkùnrin yòówù tó bá béèrè ọmọ dúró. Ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, Àǹtí á tún ka iye àwọn ọmọ tó jókòó. Nígbà tó di aago mẹ́rin, gáàdì wá bá a.

"Àǹtí, ẹ mí kanlẹ̀," ó ní. "Ẹnikẹ́ni ò béèrè ọmọ. Gbogbo àwọn tó wọlé, ìwé ni wọ́n láwọn wá kà."

Ara tù ú débi pé ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù sókè, ó fẹ́ ya àpótí òfìfo náà ránṣẹ́ sí ọmọ, kó lè mọ̀ pé àyè rẹ̀ ń dúró dè é.

Lójú fóònù, nínú gíláàsì kọ́bọ́ọ̀dù tó ń dán níwájú rẹ̀, ó rí ara rẹ̀ kedere, fóònù lọ́wọ́ òsì, ó sì rí ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, tó ń bi í ní pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ láyé ìgbà náà, pé, "Ṣé ọwọ́ ọ̀tún yẹn ò tíì san títí dòní, ìyàwó mi?"